Lẹ́tà Alhaji Àlàmísì

Àárọ̀ ọjọ́ tí Alhaji Múrítàlá Ọláyanjú, alágbàfọ̀ Àjàó Estate, kọ́kọ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀, díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ dúró ní gbogbo ọ́fíìsì láti Mafoluku dé pápákọ̀ òfurufú. Ohun tí bàbá náà ṣe kò ju pé ó kí wọn lọ. Ṣùgbọ́n ó to àdírẹ́sì ọgọ́jọ oníbàárà sójú kan náà, níbi tí olúkúlùkù ti ń rí ti ẹnìkejì rẹ̀, ó wá kọ ọ́ sí wọn pé: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá bi Yorùbá léèrè ọmọ, a kì í dákẹ́. Hájíà Memunat tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló kọ́kọ́ dáhùn, ó sì tẹ ibi tó gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ bá gbogbo wọn pátá: "A dúpẹ́, Alhaji. Àwọn ọmọ wà dáadáa. Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Nígbà tí àwọn yòókù rí "ẹ̀yin náà ńkọ́" yìí, kálukú rò pé òun ni Hájíà ń bá wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ara òun le, orúnkún nìkan ló kù. Obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ní Ọlọ́run á wo orúnkún náà sàn. Ẹni mẹ́tàlélógójì ṣe àmín.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ara akọ̀wé báǹkì kan tó ń jẹ́ Mùktárù kò gbà á mọ́. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀, òun ń ṣiṣẹ́. Hájíà Memunat dá a lóhùn lójú gbogbo wọn: "Ọmọ mi, o ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kó o tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ kalẹ̀." Mùktárù bẹ̀bẹ̀. Ó kí wọn. Wọ́n bi í léèrè ọmọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Àjàó Estate ti mọ̀ pé ìbejì ló bí, àti pé Kẹ́hìndé kì í jẹun.

Salimat, àkọ́bí Alhaji, tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, ká ọwọ́ lé orí.

"Bàbá, ẹ ti bà á jẹ́. Gbogbo wọn ló ń rí àdírẹ́sì ara wọn. Ó níbi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí."

"Kí ni wọ́n ń fi pamọ́?" ni bàbá rẹ̀ wí, kò gbé ojú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀. "Àwọn tí aṣọ wọn jọ ń wẹ̀ nínú omi kan náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé omi kan náà ni."

Láti ọjọ́ náà ni Salimat ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá á kọ ọ́ sínú ìwé, ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á fi àdírẹ́sì àwọn èèyàn pamọ́ bó ṣe yẹ, á sì fi ránṣẹ́.

Ibi tí bàbá ti rí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀. Alhaji lọ nítorí wọ́n ní oúnjẹ wà. Olùkọ́ náà fi wákàtí mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ó sọ bí a ṣe ń ya fọ́tò ọjà, ó sọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ṣókí, ó sọ bí a ṣe ń fún un ní àkọlé tó máa wu èèyàn kà. Alhaji kò gbé ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí wálé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́ létí: bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fo ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá mú Ọjọ́bọ̀, aago méje àárọ̀. Àwa mùsùlùmí a máa pe Ọjọ́bọ̀ ní Àlàmísì, kò sì pẹ́ tí àdúgbò fi ń pe òun fúnra rẹ̀ ní Alhaji Àlàmísì.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn ni Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lájí Adébímpé, bàbá Roqeebah, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù bàálù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá gba agbádá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Alhaji, mo rí lẹ́tà yín. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn oníṣòwò wa. Oṣù mẹ́ta ni. Tó bá di oṣù kẹrin, ẹ ò ní rántí pásíwọ́ọ̀dù mọ́."

Alhaji gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀ pé tí Alhaji bá ti gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ láìtíì lọ aṣọ tán, ọ̀ràn ti dé nìyẹn.

"Bọ́lájí, gbọ́ mi dáadáa. Àlàmísì tí aago méje bá lù tí lẹ́tà mi ò tíì dé, gbogbo aṣọ tó bá wọlé síbí lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀fẹ́ ni mo máa fọ̀ ọ́."

"Tèmi nìkan ni àbí?"

"Tìẹ, àti ti gbogbo oníbàárà mi."

Ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Salimat. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì péré ni wọ́n ní, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì ni. Bí ọgọ́jọ ènìyàn bá kó ìdọ̀tí ọ̀fẹ́ wá lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ọṣẹ á tán, epo jẹnẹrétọ̀ á tán, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélógún gbé ró á sì wọlẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàbá ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà, kó sì máa wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò bá rí wa, ọ̀fẹ́ ni."

Bọ́lájí náà délé, ó pe ìyàwó rẹ̀ sí pálọ̀. Ó nawọ́ sí kọ́tìnnì ojú fèrèsé, èyí tó nípọn, tó ní ìtẹ́lẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Ìyá Roqeebah, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ kọ́tìnnì yìí mọ́. Ọ̀fẹ́ la máa fọ̀ ọ́."

Ìyá Roqeebah rò pé ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta ni. Ọdún mẹ́fà ó lé ló gbà. Ní gbogbo Àlàmísì, tí aago méje bá ti kù díẹ̀, ọkọ rẹ̀ á jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Lẹ́tà á wọlé. Bọ́lájí á mí kanlẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ méjì péré dáhùn: "Ó dé."

Nítorí ẹ̀rù tó ń ba Salimat, ó wá ọgbọ́n sí i. Ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà lè bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Mọ́ńdè, kó máa dúró de Àlàmísì.

"Kí n kí wọn sílẹ̀ láti Mọ́ńdè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni n ó wá kọ? Ẹ kú oòrùn? Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ kàn kọ 'ẹ káàárọ̀' sí i, Bàbá."

"Tí ọ̀fọ̀ bá wá ṣẹ ẹnì kan ní Túsìdeè ńkọ́, tí mo wá ń bi í pé ṣé ayọ̀ ni? Salimat, ìkíni kì í ṣe ẹ̀kọ tí wọ́n ń dì sílẹ̀ de ẹni tó máa jẹ ẹ́."

Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí títí tó fi lọ. Ní Mọ́ńdè, á ṣí ìwé ọlọ́gọ́rin ojú rẹ̀, á kọ iye tí lẹ́tà tọ̀sẹ̀ náà jẹ́, á kọ "Ẹ kú" sábẹ́ rẹ̀, á wá fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á máa kọ ìròyìn sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá di àárọ̀ Àlàmísì, tó bá ti kírun Àṣùbáà tán, á jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, á gbójú sókè wo sánmà, á wá padà wọlé wá dí àyè náà. Ẹ kú òjò. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ooru. Lọ́jọ́ kan tí sánmà ò sọ ohun kan pàtó, ó kọ "Ẹ kú bó ṣe rí."

Apá tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà náà ni "Ohun Tí A Bá Nínú Àpò." Alhaji kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "A bá ẹran díndín mẹ́rin nínú àpò kóòtù kan. Ológbò ti jẹ ẹ́. Ẹni tó ni ín, ẹ kú ìnáwó." Ọ̀sẹ̀ tó le jù ni èyí tí wọ́n bá eyín àtọwọ́dá nínú àpò agbádá aláwọ̀ ewé. Alhaji kọ ọ́ pé: "Ẹni tó ni ín, ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ ṣáà wọlé, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, a ó dá yín mọ̀." Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, gbogbo ọkùnrin tó ní agbádá aláwọ̀ ewé ládùúgbò ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí Salimat lè rí i pé eyín tiwọn pé. Lọ́jọ́ kan ni Salimat rí i pé ife tí eyín wà ti ṣófo. Bàbá rẹ̀ ti dá a padà fún ẹni tó ni ín ní bòókẹ́lẹ́. Salimat bi í títí pé ta ni. Ó ní àpò kì í sọ̀rọ̀.

Ṣé ti Ìgbẹ́tì lẹ fẹ́ gbọ́ ni? Wọ́n ń ṣe yìgì ọmọ àbúrò rẹ̀ nílé ní Ìgbẹ́tì, ní Àlàmísì, Alhaji ló sì máa fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Wọ́n dé ibẹ̀ tán, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú ilé, kò sí níta, kò sí lójú títì. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, bàbá ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n òkè nínú bùbá funfun, Salimat gbé kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e nínú ọ̀rá. Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yọ. Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà kò gùn: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú atẹ́gùn. Orí òkè ni mo wà. Aṣọ yín wà ní ṣọ́ọ̀bù. N ó sọ̀ kalẹ̀ tí mo bá rí ọ̀nà." Kò rí ọ̀nà. Ìyàwó àti ọkọ jókòó ti àwọn àáfà fún wákàtí méjì, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó pọn bàbá ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ dé. Bọ́lájí ti dáhùn kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà: "Ó dé."

Ìyà ọ̀rọ̀ yìí wá ń jẹ Ìyá Roqeebah. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ojú rẹ̀ wú.

"Alhaji, ẹ ṣàánú mi, ẹ fo ọ̀sẹ̀ kan péré. Kọ́tìnnì wa ti ń dá dúró láìgbé e kọ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sín."

Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji. "Ẹ gbé e wá ní kọ̀rọ̀, n ó bá yín fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ò ní sọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní tí kì í bá ṣe pé ẹ fò ó, òun ò gbà."

"Èmi náà ò sì ní fò ó."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Roqeebah sín lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó lọ sílé.

Kì í ṣe pé Salimat kì í bínú. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, tí aṣọ kì í gbẹ, tí iṣẹ́ gba gbogbo wọn lára, ó tẹ lẹ́tà náà dé ìdajì, ó ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ta ló tilẹ̀ ń kà á?"

"Bọ́lájí ń kà á."

"Yàtọ̀ sí Bọ́lájí, sà."

Bàbá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Salimat rò pé ìjà dé. Ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ni bàbá fi dá a lóhùn.

"Aṣọ wọn ń gba ọwọ́ mi kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń rù nínú wọn. Mo mọ ẹni tí ìyàwó ẹ̀ ti kó lọ, torí bọ́tìnnì ẹ̀ já láti oṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó bá a gán an. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè bi í. Ṣé kí n wá máa wò ó bẹ́ẹ̀, kí n má kí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?"

Salimat fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó tẹ lẹ́tà náà parí.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan ni, lẹ́yìn ìrun Àìlà, tí Alhaji jókòó sórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí wọ́n fún òun lómi tútù. Nígbà tí omi fi dé, ó ti lọ. Kò ṣàìsàn, kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, ilé wọn ní Mafoluku sì kún fún ẹbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Salimat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Wàsílátù, lórí ẹní. Ìyá náà gbójú sókè.

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Àlàmísì ni, Màámi."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Aago mẹ́fà ti kọjá.

"Bàbá ẹ ò fò ó rí," ni ìyá rẹ̀ wí.

Salimat ti wọ bàtà kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kó sáré. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ọgọ́jọ ènìyàn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ò lè gbé e. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí ọ̀sẹ̀ yìí bá fò, bàbá rẹ̀ kò sí láyé mọ́ láti sọ pé kì í ṣe òun ló fò ó.

Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Ìwé ọlọ́gọ́rin ojú wà lórí tábìlì ìlọṣọ. Ó ṣí i. Bàbá ti kọ ọ́ síbẹ̀ ní Mọ́ńdè: "Lẹ́tà 331. Ẹ kú". Àyè ló tẹ̀ lé e. Kò sí ìròyìn kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí ó ti ń sọ lọ́sẹ̀ náà pé ó rẹ òun díẹ̀. Salimat sunkún níbẹ̀ gan-an, lórí àyè yẹn, ju bó ṣe sunkún nídìí sàréè lọ.

Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbójú sókè. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Ó wọlé, ó kọ ọ́ pé:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú òjò. Alhaji Múrítàlá Ọláyanjú, alágbàfọ̀ yín, lọ sílé lánàá lẹ́yìn ìrun Àìlà. Aṣọ yín wà ní mímọ́. Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Aago méje ku ìṣẹ́jú kan ló tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó lọ tán ló rí ohun tí omi ojú kò jẹ́ kó rí tẹ́lẹ̀. Ó ti to àdírẹ́sì gbogbo wọn sójú kan náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe tò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ká ọwọ́ lé orí.

Mùktárù báǹkì ló kọ́kọ́ dáhùn, sí gbogbo ènìyàn: "Ẹ káàárọ̀, ẹ kú òjò. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìbejì wà dáadáa. Kẹ́hìndé ti ń jẹun." Hájíà Memunat ní ó ṣe dáadáa tó kọ́kọ́ kí èèyàn. Ẹni tó ní orúnkún ní Ọlọ́run á forí jin Alhaji, àádọ́rin ènìyàn ṣe àmín. Wọ́n ní ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ṣùgbọ́n Alhaji Àlàmísì sunwọ̀n lójú ayé ẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulmajeed kọ̀wé tirẹ̀: "Alhaji ò sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi ni mo ni eyín yẹn." Ẹ̀rín pa Salimat níbi tó jókòó sí, ẹkún sì ń bá a rìn.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń retí kò wọlé. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Kò sí "Ó dé."

Ní aago mẹ́sàn-án, ẹnì kan fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Bọ́lájí ni. Ó gbé kọ́tìnnì mọ́ra, òjò ti pa á, eruku ọdún mẹ́fà sì ti di ẹrẹ̀ sí i láyà. Salimat dìde dúró.

"Bàbá Roqeebah, lẹ́tà dé o. Aago méje ku ìṣẹ́jú kan."

"Mo mọ̀," ni Bọ́lájí wí. Ó gbé ẹrù náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ó dé. Mo ní kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níbí. Alhaji ti borí mi. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́, ẹ gba owó yín."

Salimat fọwọ́ kan kọ́tìnnì náà, ó sín. Bọ́lájí náà sín. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lẹ máa fẹ́ ẹ, sà?"

"Mi ò kánjú," ni Bọ́lájí wí, ó ń nu ojú rẹ̀. "Tó bá ti gbẹ, ẹ kọ̀wé sí mi."

Nígbà tó lọ tán, Salimat fa ìwé ọlọ́gọ́rin ojú sọ́dọ̀. Ó ṣí ojú ewé tó kàn, ó kọ "Lẹ́tà 332" sí i. Ó kọ "Ẹ kú" sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀.